Dátábéésì ọ̀tọ̀, schema ọ̀tọ̀, àbí tábìlì àjùmọ̀lò? Ìfiwéra fún àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà orí kíláòdù l'Óṣogbo

Bí ẹ bá ń ta sọ́fítíwíà kan náà fún 40 ilé-ìwé, ilé oògùn mélòó kan ní agbègbè Ọláìyá àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bíi 10, ibi tí dátà oníkálukú máa gbé ni ìpinnu tó ṣòroó yí padà jù lọ. Ojú ìwé ṣeé tún ṣe. Iye tí ẹ ń tà á ṣeé tún dá. Àkọsílẹ̀ ọdún méjì tó ti wọnú ara wọn, iṣẹ́ ńlá ni kéèyàn tó yọ wọ́n ní ẹyọ ẹyọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní ni kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní dátábéésì tirẹ̀ lórí sáfà kan náà. Èkejì ni kí dátábéésì jẹ́ ẹyọ kan, kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní schema tirẹ̀, ìyẹn yàrá ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tábìlì tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí gbogbo wọn jọ máa lo tábìlì kan, kí kọ́lọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ tenant_id máa sọ ẹni tó ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù á rí i kíá: ọ̀nà kìíní ni káàdì tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú lọ sílé, ọ̀nà kẹta ni ìwé ńlá tí orúkọ gbogbo wọn wà nínú rẹ̀.

PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú dátábéésì, la ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní MySQL, tó jẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ni schema àti dátábéésì, nítorí náà ọ̀nà kejì kò sí níbẹ̀. MySQL kò sì ní row-level security (òfin tó ń sọ ìlà tí ẹnì kan lè rí), èyí tó jẹ́ odi ọ̀nà kẹta. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí MySQL, ọ̀nà kìíní ni kó gbà, kó má wulẹ̀ ronú jìnnà.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n ni ọjọ́ tí oníbàárà kan ṣoṣo bá pè pé dátà òun ti bàjẹ́. Iye wákàtí tí ẹ máa fi dá tirẹ̀ nìkan padà, láìfọwọ́ kan ti àwọn tó kù, ló yẹ kó ṣáájú iye owó sáfà.

Ọjọ́ tí dátà oníbàárà kan bá bàjẹ́

Ká ní bọ́sà ilé-ìwé kan ní Ògo-Olúwa pa gbogbo owó sáà kejì rẹ́ ní aago 10 àárọ̀, tó sì pè yín ní aago 11. Àwọn ilé-ìwé 39 tó kù ṣì ń gba owó lọ́wọ́.

Ní ọ̀nà kìíní, ẹ ṣẹ̀dá dátábéésì òfìfo, ẹ fi irinṣẹ́ pg_restore da backup (ẹ̀dà ìpamọ́) alẹ́ àná ilé-ìwé yẹn sínú rẹ̀, ẹ ka iye ìlà inú tábìlì ìsanwó, ẹ ṣe àròpọ̀ owó rẹ̀, kí bọ́sà sì jẹ́rìí pé òun nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pg_terminate_backend lé àwọn tó ṣì so mọ́ dátábéésì ti tẹ́lẹ̀ kúrò, torí ALTER DATABASE ... RENAME kì í gbà bí ẹnikẹ́ni bá ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi _baje kún orúkọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ sì fún tuntun lórúkọ gidi. Ẹ má tíì pa _baje rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí wọ́n kọ lẹ́yìn aago 10 wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó ti kó o.

Ohun tí backup yẹn kò ní ni owó tí wọ́n gbà láti alẹ́ àná títí di aago 10. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Dídá dátà padà sí ìṣẹ́jú kan pàtó nínú PostgreSQL, gbogbo sáfà ló ń dá padà pọ̀. Kò mọ bó ṣe ń yọ dátábéésì kan sọ́tọ̀. Ẹ máa gbé sáfà kejì dìde fún ìgbà díẹ̀, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sí 9:59 níbẹ̀, ẹ fi pg_dump kó ti ilé-ìwé yẹn nìkan, kí ẹ tó gbé e wá sórí sáfà gidi. Ẹni tó bá ṣèlérí fún oníbàárà pé dátábéésì ọ̀tọ̀ túmọ̀ sí pé òun lè dá tirẹ̀ padà sí ìṣẹ́jú tó bá wù ú, kó rántí ìgbésẹ̀ yìí kó tó sọ iye wákàtí.

Schema ọ̀tọ̀ kò jìnnà sí èyí: ẹ fi ALTER SCHEMA yí orúkọ èyí tó bàjẹ́ padà, ẹ ṣẹ̀dá schema òfìfo tó ń jẹ́ orúkọ àtijọ́, kí ẹ tó fi pg_restore -n da ti ilé-ìwé yẹn padà sínú rẹ̀.

Tábìlì àjùmọ̀lò ló le. Kò sí fáìlì kankan tó jẹ́ ti ilé-ìwé yẹn nìkan. Ẹ máa dá gbogbo rẹ̀ padà sórí sáfà kejì, ẹ wá máa fi COPY (SELECT * FROM isanwo WHERE tenant_id = 7) kó ìlà jáde láti inú tábìlì kọ̀ọ̀kan, kí òbí ṣáájú ọmọ: sáà, kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́, ìwé owó, kí ìsanwó tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi ìsanwó ṣáájú, foreign key, òfin pé òbí gbọ́dọ̀ wà kí ọmọ tó wọlé, máa dá a dúró. Bí tábìlì bá tó 60, kéèyàn máa kọ irú script bẹ́ẹ̀ nígbà tí bọ́sà ń dúró lórí fóònù, ewu gidi ni. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ta fún oníbàárà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti kọ ọ́, kí ẹ sì máa dán an wò lóṣooṣù.

Nẹ́tíwọ̀kì wa l'Óṣogbo náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Backup 20 GB, lórí ìsopọ̀ 5 Mbps, á gbà tó wákàtí 9 kó tó dé ọ́fíìsì yín, bí kò bá já lójú ọ̀nà. Backup ilé-ìwé kan tó jẹ́ 80 MB, ìṣẹ́jú 2 àti díẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá wà lórí tábìlì àjùmọ̀lò, orí kíláòdù níbẹ̀ ni kó ti ṣe gbogbo iṣẹ́ ìdápadà. Kó má ṣe gbé e wá sórí láptọ́ọ̀pù. Ẹ sì pa ẹ̀dà kan mọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì tó ní sáfà nínú Nàìjíríà. Ní 14 oṣù Kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ọ̀nà òkè òkun bá dí, ẹ̀dà tó wà nílé nìkan lọwọ́ lè tó.

Ìlà tó ṣìnà lọ sílé ẹlòmíì

Ohun tó ń ba tábìlì àjùmọ̀lò jẹ́ kò ju WHERE kan (ibi tí query, ìyẹn ìbéèrè sí dátábéésì, ti ń sọ ìlà tó fẹ́) tí wọ́n gbàgbé. Ẹnì kan kọ ojú ìwé ìròyìn tuntun, kò fi tenant_id sí i, bọ́sà ilé-ìwé kan sì ń wo gbèsè àwọn òbí ilé-ìwé mìíràn. Ẹ má fi èyí lé ìrántí ẹni tó ń kọ kóòdù lọ́wọ́. PostgreSQL ti ní row-level security láti ẹ̀dà 9.5, tó jáde ní 2016:

ALTER TABLE isanwo ENABLE ROW LEVEL SECURITY;
ALTER TABLE isanwo FORCE ROW LEVEL SECURITY;
CREATE POLICY ti_onibaara ON isanwo
  USING (tenant_id = NULLIF(current_setting('app.tenant_id', true), '')::bigint);

Ìlà kejì yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Láìsí FORCE, ẹni tó ni tábìlì náà ń ríran kọjá policy (òfin tí CREATE POLICY yẹn dá sílẹ̀), ẹni yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ètò fi ń wọlé. FORCE náà kò ká superuser, ọ̀gá pátápátá lórí sáfà, mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ká ẹni tó ní BYPASSRLS, àṣẹ láti fo policy, mọ́. Ohun tó dára jù ni kí ẹni tó ṣẹ̀dá tábìlì yàtọ̀ sí ẹni tí ètò fi ń wọlé lójoojúmọ́, kí ẹni ojoojúmọ́ yẹn má sì ní àṣẹ kankan ju kó kà, kó kọ, kó tún ṣe, kó pa rẹ́.

NULLIF tó wà níbẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí wọ́n bá ti lo app.tenant_id (ibi tí ètò ń kọ nọ́ńbà oníbàárà sí) rí lórí ìsopọ̀ kan, tí transaction yẹn (àkójọ iṣẹ́ kan láti BEGIN dé COMMIT) sì parí, ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òfìfo. Láìsí NULLIF, òfìfo yìí kò ṣeé sọ di nọ́ńbà, error á sì máa jáde ní ìgbà kan, kó má jáde ní ìgbà mìíràn, ní ìbámu pẹ̀lú ìsopọ̀ tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́. Pẹ̀lú NULLIF, ẹni tí kò sọ oníbàárà tó jẹ́ kò ní í rí ìlà kankan.

PgBouncer, ètò tó ń pín ìsopọ̀ dátábéésì láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, ló kàn. Bí ó bá wà ní transaction mode, ìsopọ̀ kan ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíì lẹ́yìn COMMIT kọ̀ọ̀kan. Bí ètò yín bá kọ SET app.tenant_id = '7', nọ́ńbà 7 yẹn kò ní í kúrò lórí ìsopọ̀ náà. Ẹni tó bá gbà á tẹ̀ lé e, tí kò tíì sọ tirẹ̀, á máa ka owó ilé-ìwé 7. Jíjò irú èyí kì í hàn nígbà àdánwò, torí ẹnì kan ṣoṣo ló ń dán an wò. Ọ̀sẹ̀ tí gbogbo èèyàn bá jọ wọlé ló ń yọjú. BEGIN, SET LOCAL app.tenant_id = '7', iṣẹ́ yín, COMMIT: ọ̀nà tó mọ́ nìyẹn. SET LOCAL máa ń bá transaction lọ.

Àdánwò tó yẹ kó máa sáré nígbà gbogbo tí kóòdù bá yí padà kò gùn. Ẹ wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni ojoojúmọ́, ẹ sọ pé 7 ni yín, ẹ bèèrè ìlà 8: òdo ló gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ gbìyànjú láti kọ ìlà tuntun fún 8: "new row violates row-level security policy" ló gbọ́dọ̀ dá a dúró. Ẹ ṣe é fún gbogbo tábìlì tó ní tenant_id, kí script fúnra rẹ̀ ka orúkọ àwọn tábìlì láti inú information_schema, kí tábìlì tí wọ́n dá sílẹ̀ lánàá má bàa bọ́.

Ibi mìíràn tó ń jò ni view, ìyẹn ìbéèrè tí wọ́n fi pamọ́ bíi tábìlì. Àṣẹ ẹni tó dá view sílẹ̀ ló fi ń ka tábìlì, nítorí náà ó lè fo policy kọjá. Láti PostgreSQL 15 ti 2022, ẹ lè fi security_invoker = true sí i. Ẹni tó ń ṣe backup sì gbọ́dọ̀ ní BYPASSRLS, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pg_dump á kọ̀, kò ní í kó dátà tí kò pé jáde.

Nọ́ńbà rìsíìtì: UNIQUE (tenant_id, nomba) ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá kọ UNIQUE (nomba), ilé-ìwé kejì tó bá fẹ́ ja rìsíìtì 001 á gba èsì pé ó ti wà, òun náà á sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Policy kì í bo UNIQUE àti foreign key.

Schema ọ̀tọ̀ ní ewu tirẹ̀ nínú search_path, àtòjọ schema tí PostgreSQL ń wá tábìlì nínú rẹ̀. PgBouncer ń ṣe é bó ṣe ń ṣe app.tenant_id, SET LOCAL náà sì ni oògùn rẹ̀. Ẹ tún yọ public, schema gbogbogbò, kúrò nínú search_path. Bí tábìlì kan kò bá sí nínú schema oníbàárà, PostgreSQL á lọ wá a nínú public láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ó sì máa kọ dátà síbi tí kò yẹ.

Dátábéésì ọ̀tọ̀ ló ní odi tó ga jù, ṣùgbọ́n odi náà kò dé inú cache (ibi ìpamọ́ onígbà díẹ̀), kò sì dé inú àpò tí ẹ ń kó àwòrán rìsíìtì sí. Bí key inú Redis, tó jẹ́ irú cache kan, bá jẹ́ "akẹ́kọ̀ọ́:15" láìsí orúkọ oníbàárà níwájú rẹ̀, jíjò ti dé, bó ti wù kí dátábéésì pín tó.

Sáfà, ìsopọ̀ àti iye tó ń náni

Dọ́là lẹ ń san, náírà lẹ ń gbà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó yé gbogbo èèyàn nínú ilé iṣẹ́ yín pé dátábéésì ọ̀tọ̀ kò túmọ̀ sí sáfà ọ̀tọ̀. Sáfà PostgreSQL kan lè gba ọgọ́rùn-ún dátábéésì. Èyí tó ṣófo pátápátá ń jẹ tó 7 MB, tó fi jẹ́ pé oníbàárà 300 á ti jẹ 2 GB kí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Ìyẹn ò tó nǹkan. Ìsopọ̀ ni ìṣòro wà.

max_connections, iye ìsopọ̀ tí sáfà lè gbà, máa ń wá pẹ̀lú 100. PgBouncer ń ya pool (agbo ìsopọ̀) sọ́tọ̀ fún dátábéésì àti ẹni tó ń wọlé kọ̀ọ̀kan, default_pool_size rẹ̀ sì jẹ́ 20. Dátábéésì 60 lọ́nà 20 jẹ́ 1,200, sáfà yín ò sì gbà ju 100 lọ. Ọjọ́ tí gbogbo wọn bá jọ wọlé, "too many clients already" ni ẹ ó máa rí. Ẹ dín pool_size kù gan-an, kí iye dátábéésì lọ́nà rẹ̀ má kọjá 100, ẹ fi max_db_connections ṣe ààlà, ẹ sì dín server_idle_timeout kù láti 600 ìṣẹ́jú-àáyá sí 60, kí ìsopọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lò tètè padà. Tábìlì àjùmọ̀lò kò mọ wàhálà yìí rárá: pool kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ parí.

Autovacuum, iṣẹ́ tó ń gbá ìlà tí kò wúlò mọ́ kúrò, náà ń pín ara rẹ̀ láàárín àwọn dátábéésì. Nígbà tí autovacuum_naptime jẹ́ ìṣẹ́jú 1, tí dátábéésì sì jẹ́ 300, ó ń gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ní ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ fà á gùn sí ìṣẹ́jú 5.

Wọ́n máa ń sọ pé àjùmọ̀lò ń dín owó kù torí kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló ń lo sáfà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rí bẹ́ẹ̀ bí oníbàárà yín bá jẹ́ oríṣiríṣi. Ilé-ìwé 40 nínú ìlú kan náà ń wọlé lọ́sẹ̀ kan náà, wọ́n ń ṣírò èsì ìdánwò lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń kún ní òpin oṣù, nígbà tí owó oṣù bá wọlé. Ilé oògùn ń tà lójoojúmọ́ láìsí òkè láìsí ilẹ̀. Ẹni tó bá da àwọn mẹ́ta yìí pọ̀ sórí sáfà kan máa jèrè àjùmọ̀lò. Ẹni tó bá ní ilé-ìwé nìkan, ọ̀sẹ̀ tó wúwo jù ni kó fi díwọ̀n sáfà rẹ̀, ọ̀nà yòówù kó yàn. Ní ọ̀nà kìíní, ẹ lè fi ALTER DATABASE ... SET statement_timeout = '30s' mú oníbàárà kan tó ń jẹ àwọn yòókù níyà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún tábìlì

Àjùmọ̀lò: ALTER TABLE kan, ó tán. Ṣùgbọ́n ALTER tó ń dúró de query gígùn kan, gbogbo èèyàn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló máa dúró, ilé-ìwé 40 á sì rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ẹ kọ SET lock_timeout = '3s' ṣáájú rẹ̀, kí ó kùnà kíá, kí ẹ tún gbìyànjú.

Ní ọ̀nà kìíní, script yín á gba dátábéésì kọ̀ọ̀kan kọjá. Ẹ ní tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń sọ orúkọ oníbàárà, sáfà rẹ̀, dátábéésì rẹ̀ àti nọ́ńbà migration (àtúnṣe sí tábìlì) tó kẹ́yìn lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é fún oníbàárà méjì kékeré, kí ẹ tó ṣe fún gbogbo wọn. Bí ìkan bá kùnà, kí script kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó máa lọ. Kóòdù tuntun gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú tábìlì àtijọ́ fún ìgbà díẹ̀, torí àwọn kan ṣì wà lẹ́yìn. Nínú PostgreSQL, migration tó kùnà láàárín transaction máa ń padà síbi tó wà, àyàfi CREATE INDEX CONCURRENTLY, tí kì í wọnú transaction, tó sì máa ń fi index (atọ́ka tó ń mú wíwá yá) INVALID, tí kò ṣeé lò, sílẹ̀ bó bá kùnà. Ẹ wá a nínú pg_index, ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un ṣe.

Kí ẹ má sì ṣe sáré rẹ̀ láti orí láptọ́ọ̀pù ní tààrà. Bí NEPA bá mú iná, tí router kú, tí SSH, ìsopọ̀ yín sí sáfà, já, migration á kú sójú ọ̀nà. Ẹ wọ orí sáfà, ẹ ṣí tmux, tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ bí ìsopọ̀ bá tilẹ̀ já, inú rẹ̀ ni kó ti máa sáré.

Schema ọ̀tọ̀ ni ìṣòro rẹ̀ pọ̀ jù níbí. Oníbàárà 200 lọ́nà tábìlì 60 jẹ́ tábìlì 12,000. pg_dump gbọ́dọ̀ mú lock (àmì pé ó ń lò ó) lórí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ààyè tó sì wà láti ilé jẹ́ max_locks_per_transaction 64 lọ́nà max_connections 100, ìyẹn 6,400. "Out of shared memory" lẹ máa rí ní òru, RAM ò sì tán. Ẹ gbé 64 sókè sí 256, ẹ tún sáfà bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ṣe ń pọ̀ sí i, ni ẹ ó máa padà síbẹ̀.

Òfin

Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023, NDPA, fún ẹni tó ni àkóso dátà ní wákàtí 72 láti fi tó NDPC, àjọ tó ń mójú tó òfin náà, létí bí dátà bá jò lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni ín lára. Ilé-ìwé ló ni àkóso. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ní kété tí ẹ bá mọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n máa bi yín ni dátà ta ló jò. Bí dátábéésì kọ̀ọ̀kan bá ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀, tí páàsìwọọ̀dù ìkan sì jò ní ọ̀nà kìíní, orúkọ oníbàárà kan lẹ máa dá. Ní àjùmọ̀lò, gbogbo wọn ni. Nígbà tí oníbàárà bá fẹ́ lọ, DROP DATABASE kan á pa tirẹ̀ rẹ́. Ní àjùmọ̀lò, DELETE nínú tábìlì 60 ni, tirẹ̀ sì ṣì wà nínú backup àwọn ẹlòmíì títí ọjọ́ backup yẹn á fi pé.

Èwo ni kí ẹ mú?

Oníbàárà tí kò tó 100, tó ń sanwó gidi, tó sì jẹ́ pé owó tàbí ìlera ni dátà rẹ̀: dátábéésì ọ̀tọ̀, sáfà kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta sọ́fítíwíà fún ilé-ìwé, ilé oògùn àti alájẹṣẹ́kù ní ìlú yìí wà, a ò sì rí ìdí tí wọ́n fi ní láti lọ síbòmíì. Ìròyìn tó kó gbogbo oníbàárà pọ̀ nìkan ló ń ṣòro níbẹ̀. Ẹ máa ti àròpọ̀ oníkálukú sínú dátábéésì ìròyìn kan lálaalẹ́.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsọ̀ kékeré tó ń forúkọ sílẹ̀ fúnra wọn, tí ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní í padà wá: tábìlì àjùmọ̀lò, pẹ̀lú policy, FORCE àti àdánwò òkè yẹn láti ọjọ́ kìíní. Ẹ fi tenant_id ṣe kọ́lọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ nínú àwọn index.

Schema ọ̀tọ̀, a ò lè gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó mú un. Ẹni tó bá ti wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú oníbàárà 30, kó dúró síbẹ̀ ná.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ mú, ẹ fi tenant_id sínú gbogbo tábìlì, títí kan inú dátábéésì ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi UUID (àmì ìdánimọ̀ gígùn tí kò jọ ti ẹlòmíì) ṣe id. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yọ oníbàárà ńlá kan kúrò nínú àjùmọ̀lò ni ẹ máa mọ rírì rẹ̀. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí: ẹ ṣẹ̀dá dátábéésì tuntun, ẹ da ìlà oníbàárà yẹn sínú rẹ̀ lóru, ẹ ti ọwọ́ kíkọ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ kó ohun tó yí padà lẹ́yìn ìdà àkọ́kọ́, ẹ fi iye ìlà àti àròpọ̀ owó wéra, ẹ yí ojú ọ̀nà rẹ̀ padà nínú tábìlì tó ń sọ ibi tí oníkálukú wà, ẹ tún ṣí kíkọ. Ẹ fi ìlà àtijọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 30, kí ẹ tó pa wọ́n rẹ́. Bí id yín bá jẹ́ nọ́ńbà lásán, ẹ sáré setval, tó ń sọ ibi tí kíkà máa bẹ̀rẹ̀, lórí sequence (ohun tó ń ka nọ́ńbà id) kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ṣe é, gbogbo nǹkan á dà bí ẹni pé ó dára lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí sequence tuntun bẹ̀rẹ̀ láti 1, id oníbàárà yẹn sì lè bẹ̀rẹ̀ láti 5,012. Ọjọ́ tí kíkà bá dé 5,012 ni "duplicate key" á jáde lójú bọ́sà, nígbà tí ẹ ti gbàgbé pé ẹ gbé e kúrò.